Ọkọ̀ Bàbá Mi Kò Dípẹtà Níbẹ̀

Bí ẹ bá gbọ́ pé orí mi ti dàrú, ẹ má ṣe gbà á gbọ́. Ìyá àwọn ọmọ mi ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri àdúgbò, nítorí ó bá mi lẹ́yìn ilé ní ọjọ́ kan, èmi arúgbó tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo gbé ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń gún erùpẹ̀ pupa nínú odó tí òun fi ń gún ata. Mo ti ra odó mìíràn fún un. Kò ì tíì dákẹ́.

Ta ni nínú wa tí kò ṣe mọ́tò agolo rí? Agolo sàdíìnì ni ara ọkọ̀, ìdérí ìgò ni táyà, okùn ni a fi ń fà á. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti ní Jàpáànù, àwọn àgbàlagbà ni ó ń ṣe é, wọn kì í sì í fi ojú díwọ̀n. Wọ́n á mú ọkọ̀ gidi, wọ́n á fi 24 pín gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 á di íńṣì 10 géérégé, ọkùnrin tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 á sì di íńṣì 3. Àwọn mìíràn a máa ra gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ nínú páálí, kí wọ́n tò ó pọ̀. Èmi kò rà. Bedford ni mo fẹ́ ṣe, irú èyí tí bàbá mi wà. Ilé-iṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ̀ tí ń jẹ́ orúkọ yìí ní 1931. Láti ọ̀hún ni ẹ́ńjìnnì àti ṣásí rẹ̀ ti ń wá, ṣùgbọ́n àwọn káfíńtà tiwa ni ó ń fi pákó kan ara rẹ̀. Nítorí náà mo gé agolo mílíìkì fún fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì fi igi pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọdé fi ń lá áìsìkirimù kan ara tèmi.

Kíkàn án kò ni mí lára. Sísọ ọ́ di ogbó ni iṣẹ́. Ọkọ̀ kékeré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí ó ń dán, ohun ìṣeré ni yóò jọ títí ayé. Mo kọ́kọ́ kun gbogbo irin rẹ̀ ní àwọ̀ ìpẹtà. Nígbà tí ó gbẹ, mo fín omi inú agolo tí àwọn obìnrin fi ń mú kí irun wọn dúró sí i lára. Agolo ìyàwó mi ni mo mú, mo jẹ́wọ́. Lórí èyí ni mo wá kun ọ̀dà búlúù, ọ̀dà tí a ń fi omi pò ni o, kì í ṣe olóròóró. Bí búlúù náà ti gbẹ tán, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tútù ha etí fẹ́ńdà. Omi á wọlé, á yọ́ ohun tí a fín yẹn, búlúù orí rẹ̀ á sì bó díẹ̀díẹ̀, ìpẹtà ìsàlẹ̀ á yọjú gan-an bí ó ti ń rí lára ọkọ̀ gidi. Fún ẹnu ilẹ̀kùn, mo ya fóòmù díẹ̀ lára tìmùtìmù, mo tì í bọ ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ dúdú, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí n tó fi kan ọkọ̀. Mo fi tọpẹntáìnì la ọ̀dà olóròóró dúdú títí ó fi ṣàn bí omi, mo jẹ́ kí ó sá wọ àárín pákó àti pákó.

Ti erùpẹ̀ ni ó fa ọ̀rọ̀ odó. Hóró iyanrìn tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí ti di òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí a fi 24 pín, nítorí náà àfi kí a gún un kúnná, kí a sì fi aṣọ jọ̀ ọ́. Ìborùn ta ni mo fi jọ̀ ọ́? Ẹ má bi mí.

Nígbà tí mo parí, inú mi dùn, mo gbé e lọ bá Bọ̀dá. Bọ̀dá ni mọ́tòbọ́ọ̀yì bàbá mi láti 1961, nígbà tí èmi jẹ́ ọmọ ọdún méje. Àwòrán kan ṣoṣo ni a ní tí ọkọ̀ náà wà nínú rẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó sì hàn lẹ́yìn bàbá mi. Bọ̀dá nìkan ni ó kù láyé tí ó mọ ìyókù.

Ó gbé e sún mọ́ ojú. "Ta ni ó ni èyí?"

"Ọkọ̀ ọ̀gá yín ni, Bọ̀dá."

"Kì í ṣe ti ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi kò jókòó sí òsì wakọ̀ rí."

Ara mi bù máṣọ. Òótọ́ ni! Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba apá ọ̀tún títì, bàbá mi sì ti kú kí ọjọ́ náà tó pé. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wà nígbà ayé rẹ̀. Èmi fi í sí ibi tí ojú mi ti mọ́ ọn lónìí.

Bọ̀dá kò dúró níbẹ̀. Ó ní: "Pákó a máa dípẹtà ni? Ìdí ìṣó ni ìpẹtà ti ń wá, òjò ni ó ń fà á wálẹ̀. Oòrùn ni ó ń pa pákó, eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Erùpẹ̀ rẹ yìí ńkọ́, èé ṣe tí o pín in dọ́gba? Títì ìgbà náà kò fẹ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, kálukú á sọ ẹsẹ̀ òsì sínú ilẹ̀ pupa. Òsì ni kí o dà á sí. Ìgúnpá ọ̀gá sì ti fá ọ̀dà etí fèrèsé ọ̀tún tán, irin ibẹ̀ ń dán ni."

Lẹ́yìn náà ó fi àtàńpàkò ra fẹ́ńdà òsì, ó dákẹ́ pẹ́.

"Ó tẹ̀ wọ inú níbí," ni ó wí. "Èmi ni. Ọ̀gá lọ jẹun, mo gun ọkọ̀, mo ní kí n sún un díẹ̀ ní gáréèjì. Ògiri ni mo kọ lù. Ọ̀gá sọ fún ọlọ́kọ̀ pé òun ni òun sá fún ewúrẹ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀."

Oṣù mẹ́ta yẹn ni mo rántí. Ìyá mi ta ìró méjì nínú aṣọ rẹ̀, èmi sì gbọ́ tí ó ń bi bàbá mi pé irú ewúrẹ́ wo ni èyí. Bàbá mi kò dáhùn.

Mo tú ọkọ̀ náà palẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tún un ṣe, mo gbé sítíárìn bọ́ sí ọ̀tún, mo fi ìdí ṣíbí tẹ fẹ́ńdà agolo náà wọnú. Ibi tí ọ̀dà ti bó, mo fi ìpẹtà díẹ̀ sí i, mo sì gbé e padà lọ.

Bọ̀dá tún fi àtàńpàkò wá ibẹ̀. "Yọ ìpẹtà yìí. Ọ̀gá kò jẹ́ kí ibẹ̀ dípẹtà. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, á fi gíríìsì lé mi lọ́wọ́, á ní kí n fi pa á. Ọ̀rọ̀ tí ó bá mi sọ lórí rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ."

Mo fi tọpẹntáìnì nu ún níwájú rẹ̀, mo sì kan fáníìṣì díẹ̀ sí i kí ó lè máa dán bí gíríìsì. Ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kí ó dá a padà. Ó ní òun kò tíì wò ó tán.