ÒFIN ÒNÍ KÒ GBỌDỌ̀ DÁ ẸJỌ́ ÀNÁ

Ìjọba tí kò bá gba owó-orí kò lè tún ọ̀nà ṣe, kò lè san owó oṣù olùkọ́, kò sì lè ra oògùn sí ilé ìwòsàn. Nítorí náà, a kò sí lára àwọn tí ń gba ará ìlú níyànjú láti sá fún owó-orí. Ẹni tí ó bá ń jẹ nínú ọrọ̀ ìlú, ó yẹ kí ó bá ìlú gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n bí ó ti jẹ́ ẹ̀tọ́ ìjọba láti gba owó-orí, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó jẹ́ ẹ̀tọ́ ará ìlú láti mọ iye tí òun yóò san kí ó tó ná owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tán. Lórí kókó yìí ni ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ó wà láàrin àwọn agbaṣẹ́ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba wọn dúró lé. Ó yẹ kí a fi etí sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ní ilẹ̀ náà, àti nítorí pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan àwa tí a wà nílé pẹ̀lú.

Àwọn tí a ń pè ní agbaṣẹ́ṣe níhìn-ín kì í ṣe àwọn tí ń la títì tàbí tí ń kọ́ afárá. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, tí wọn kò so ara wọn mọ́ agbanisíṣẹ́ kan. Wọn a gba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà. Bí ó bá parí, wọn a wá òmíràn lọ. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú wọn, a sì rí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ń tọ́jú aláìní pẹ̀lú. Àwọn oníṣòwò kan gbé ètò kan tọ̀ wọ́n wá. Dípò kí a san gbogbo owó iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù, a óò san díẹ̀ bẹ́ẹ̀, a óò sì kó ìyókù fún alágbàtọ́ kan, tí ó sábà máa ń wà ní òkè òkun, kí ó fi owó náà yá òṣìṣẹ́. Ní orúkọ, owó yíyá ni. Ní òótọ́, kò sí ẹni tí ó retí pé a óò san án padà. Nítorí pé a kì í gba owó-orí lórí gbèsè, owó díẹ̀ ni ó ń dé ọwọ́ ìjọba. Àwọn tí ó ta ètò yìí bu èrè tiwọn nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ńlá múlẹ̀ pé kò lòdì sí òfin.

A kò ní pe dúdú ní funfun. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ètò náà. Ẹni tí a fún ní owó tí kì yóò san padà, tí a sì ní kí ó máa pè é ní gbèsè, ó yẹ kí ara fu ú. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Ọ̀pọ̀ kò mọ ohunkóhun nípa òfin owó-orí ju ohun tí àwọn oníṣirò owó sọ fún wọn lọ. Àwọn mìíràn sì sọ pé àfi bí àwọn bá gba ọ̀nà yìí ni àwọn yóò fi rí iṣẹ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2016, George Osborne, tí ó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà náà, kéde pé òfin tuntun ń bọ̀. Ilé Aṣòfin sì fi ọwọ́ sí i ní ọdún 2017. Òfin náà sọ pé gbogbo irú owó yíyá bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn gbà láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1999, tí ó bá ṣì wà ní ọrùn rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2019, a óò kó o jọ, a óò sì kà á sí owó tí ó wọlé fún un nínú ọdún kan ṣoṣo. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Owó tí ènìyàn fi 20 ọdún jẹ, tí ó fi tọ́ ọmọ, tí ó fi san owó ilé, ni a kó lé e lórí ní ọjọ́ kan, tí a sì fi ìwọ̀n àwọn olówó ńlá gba owó-orí lórí rẹ̀. Nǹkan bí 50,000 ènìyàn ni àwọn agbowó-orí, tí a mọ̀ sí HMRC, ṣírò pé ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìjọba sì ń retí bílíọ̀nù 3.2 pọ́ùn láti inú rẹ̀.

Àwọn agbaṣẹ́ṣe béèrè pé, níbo ni agbowó-orí wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kọ ọ́ sínú ìwé owó-orí wọn ní ọdọọdún pé àwọn wà nínú ètò náà. A gba ìwé wọn, ọdún sì ń gorí ọdún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti fi gbèdéke sí iye ọdún tí agbowó-orí lè fi padà yẹ ìwé ènìyàn wò; òfin tuntun yìí fo gbèdéke náà kọjá.

Ìjọba ní èsì tirẹ̀. Wọ́n ní òfin náà kò padà sẹ́yìn rárá, nítorí pé gbèsè tí ó wà nílẹ̀ ní ọdún 2019 ni ó ń wò. Wọ́n tún tọ́ka sí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní oṣù keje ọdún 2017, nínú ẹjọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Rangers, pé owó iṣẹ́ ni owó iṣẹ́, ìbáà gba ọwọ́ alágbàtọ́ kọjá. A gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òfin àtijọ́ bá tó láti mú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kí ni a tún ń fi òfin tuntun ṣe? Bí òfin àtijọ́ kò bá sì tó, a jẹ́ pé wọn kò rú òfin kankan ní ọjọ́ tí wọ́n gba owó náà. Ọ̀nà méjèèjì kò lè jẹ́ ti ìjọba.

Àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí yóò tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé dun ni. Bí olùkọ́ bá fún àwọn ọmọ ní ìdánwò, tí ó yẹ ìwé wọn wò, tí ó fún wọn ní máàkì, tí wọ́n sì ti gòkè lọ sí kíláàsì mìíràn, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó pè wọ́n padà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kí ó ní òun ti yí ọ̀nà máàkì padà, àti pé wọ́n ti fẹ́ìlì? Bí ìdáhùn àwọn ọmọ náà kò bá tilẹ̀ dára tó, olùkọ́ ni ó jẹ̀bi, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ọ́ ní àkókò tí ó yẹ.

Ìyà tí òfin yìí mú wá kọjá owó. Àwọn kan rí ìwé gbèsè tí ó ju ohun gbogbo tí wọ́n ní láyé lọ. HMRC fúnra rẹ̀ ti fi ikú ènìyàn mẹ́wàá, tí wọ́n pa ara wọn, tó àjọ tí ń wádìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ létí. Àwọn tí ó ta ètò náà ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ti kó èrè wọn lọ, òfin náà kò sì fi ẹrù yìí lé wọn lórí. Àwọn baba wa sọ pé kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ní ti ọ̀rọ̀ yìí, adìẹ ni a kọ́kọ́ bá wí.

Ohun tí ó wú wa lórí jù ni pé àwọn agbaṣẹ́ṣe kò jókòó sílé kí wọ́n máa sunkún. Wọ́n mọ̀ pé ilé ẹjọ́ kò lè gbà wọ́n. Ní ọdún 2008, Ilé Aṣòfin ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ kan nípa ètò mìíràn, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn dé ọdún 1987. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, a dá wọn lẹ́bi ní ọdún 2011. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ni wọ́n kọrí sí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, olúkúlùkù kọ ìwé sí aṣojú àdúgbò rẹ̀, wọ́n sì rí àwọn aṣòfin láti inú oríṣìíríṣìí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Àwọn Ọlọ́lá bu ẹnu àtẹ́ lu ọwọ́ tí HMRC fi mú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìjọba ní kí Olóyè Morse yẹ òfin náà wò. Ó rí i pé òfin kò tíì hàn kedere kí ó tó di ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 2010, ó sì ní kí a yọ gbogbo owó yíyá tí ó ṣáájú ọjọ́ náà kúrò. Ìjọba gbà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba, ó lé ní 30,000 ènìyàn tí ẹrù wọn fúyẹ́, nǹkan bí 11,000 nínú wọn sì bọ́ pátápátá.

Ẹgbẹ́ Konsáfétífù ni ó ṣe òfin náà. Ẹgbẹ́ Lébà ni ó wà lórí àga ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 nígbà tí ìjọba tún kéde àyẹ̀wò mìíràn, tí a fi lé Ray McCann lọ́wọ́. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba sì ṣèlérí láti dín gbèsè ọ̀pọ̀ ènìyàn kù. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò náà kò fọwọ́ kan òfin fúnra rẹ̀, ìdẹ̀ra náà kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti bá ìjọba parí ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ti sanwó. Ẹni tí ó tètè gbọ́ràn ni ó wá pàdánù jù.

Kí àwa nílé má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Òfin ológun nọ́ńbà 20 ti ọdún 1984 ni a fi yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 1985 nítorí oògùn olóró. Wọ́n ṣe òfin náà kí ó lè padà sẹ́yìn, ó sì gba ẹ̀mí ẹni tí ó jẹ́ pé, ní ọjọ́ tí ó ṣẹ̀, ikú kọ́ ni ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kọ irú ìyẹn ní ti ẹ̀sùn ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ náà kò dárúkọ owó-orí. Òfin owó-orí tuntun wa, tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ìbáà rí wí sí i, a fún ará ìlú ní oṣù mẹ́fà láti múra. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa rí.

Èrò tiwa ni pé kí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òtítọ́ yanjú ọ̀rọ̀ yìí: kí ó dá owó padà fún àwọn tí ó ti sanwó ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, kí ó sì lé àwọn tí ó ta ètò náà bá. Ní ti àwa, a rọ gbogbo ẹni tí ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ó jẹ́, pé kí wọ́n má ṣe wo ojú ẹni tí ó gbé òfin wá kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó tọ́. Òfin tí a fi mú alátakò lónìí ni a óò fi mú wa lọ́la. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ogun tí a kò kéde títí ó fi jà tán, ọlọ́gbọ́n wo ni yóò yè é?