Òkèlè Àgbẹ̀, Ẹsẹ̀ Ọlọ́kadà

Tí àgbàlagbà bá ti sanra jù, ẹ̀bà alẹ́ àti dòdò Ìkirè ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Èmi ò gbà. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn lọ oko kòkó, tó sì roko di ọ̀sán, ebi gidi ló ń pa á kó tó jẹ iyán. Ní báyìí ọ̀kadà ló ń gbé wọn lọ, òkèlè ò sì dín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ìrìn kíákíá wà lára ẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń sáré láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á wá fi mínírà méjì kí ara wọn kú iṣẹ́. (Ẹ̀yin tíṣà wa, n ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o!) Ẹni tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sọ́jà, kí ló fẹ́ fi ọ̀kadà ṣe?