Ẹ̀sọ̀ Kì í Ṣe Ìdúró: Ọ̀rá Tó Yọ́ Mọ́ Áyọ́ọ̀nù

Àwọn bàbá wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa òwe yìí fún ẹni tí ń kánjú, bí ẹni pé ká káwọ́ gbera nìkan ni òwe náà ń kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, áyọ́ọ̀nù oníná tí ọ̀rá yọ́ mọ́ nídìí sì lè là á yé wa.

Ní Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí, níbi tí ìró òfì ti ń jí ènìyàn, tí sányán, àlàárì àti ẹtù ti sọ orúkọ ìlú di ńlá, aṣọ lílọ kì í tán nílé bí ìgbéyàwó tàbí ọdún bá ku ọ̀la. Iná mànàmáná sì ni áyọ́ọ̀nù ń lò. Ní ti ìsédò Ìkèrè tí wọ́n dáwọ́ lé lórí odò Ògùn láyé ìjọba Shehu Shagari, iná wà lára ohun tí a retí níbẹ̀. Síbẹ̀, láti ẹsẹ̀ òkè Ẹbẹdí títí dé ẹsẹ̀ òkè Aṣàbàrí ní Ṣakí, iná kò tíì dúró sójú kan. Iná á lọ nígbà tí ìyàwó ilé ń lọ aṣọ lọ́wọ́, yóò gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ láìyọ ọ́ lára ògiri, ọmọdé yóò ju ọ̀rá tí wọ́n fi di aṣọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí iná bá wá dé lóru, òórùn ike jíjó ni yóò jí agbo ilé, bí Olódùmarè bá sì yọ wọ́n, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ a máa yọ́ bí ooru bá ti tó nǹkan bí 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ìdí áyọ́ọ̀nù tí a yí sí ti aṣọ òwú a máa gbóná tó 200. Nígbà náà ni ó máa ń wu ènìyàn láti lo agbára. Ẹlòmíràn á mú ọ̀bẹ tàbí kànrìnkàn onírin, á ha á títí ohun dídán tí wọ́n fi kun ìdí rẹ̀ yóò fi bó, tí gbogbo aṣọ tó bá kàn yóò sì máa há sí i. Ẹlòmíràn á fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ike yíyọ́ kì í sì í ṣàn kúrò lára bí omi gbígbóná, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ awọ, tí yóò sì máa jó o lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e jù sígun ilé dọ̀la, òun náà kò fẹ̀sọ̀ mú un. Lóòótọ́, ike tó nípọn lè ṣẹ́ kúrò lódidi bó bá tutù, àmọ́ èyí tó fẹ́lẹ́ yóò ti gan, agbára tí ó sá fún náà ni yóò padà lò. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ èyí dájú: bí òwú bá já lójú òfì, kì í fà á, kì í sì í fi í sílẹ̀ kó máa hun aṣọ lọ, yóò dá ọ̀kọ̀ dúró, yóò so ó lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù lára iná, ẹ ṣí fèrèsé, nítorí èéfín ike kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹ sì dúró títí ooru rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀ tí ike náà kò tíì le. Ẹ fi etí ọmọrogùn àtijọ́ tì í kúrò díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá gbọ́ mọ́, ẹ tún fi áyọ́ọ̀nù sí iná mànàmáná lórí ooru kékeré fún ìgbà díẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Iyọ̀ tí a wọ́n sórí bébà, tí a sì fi áyọ́ọ̀nù lọ, wúlò fún ìdí irin lásán, ṣùgbọ́n yóò ha èyí tí wọ́n kùn. Oògùn tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ kì í yọ́ ọ̀rá, ó sì ń tètè gbiná. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ irin gbígbóná. Àkísà òwú funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán áyọ́ọ̀nù náà wò. Bí àbàwọ́n bá ṣì ń hàn níbẹ̀, ẹ má tíì gbé e lé àlàárì.