Àkàrà Òyìnbó Tí A Mọ Bí Iwin

Àwa kò kórìíra ayọ̀ ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí 31 oṣù October bá ti ń súnmọ́, tí ìyá àti ọmọ ní ilé mìíràn ní Lekki àti Ajah ń fi ìyẹ̀fun àti ṣúgà mọ iwin àti agbárí òkú, ó yẹ kí ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé bá wa rò ó wò.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù November, àwọn ọmọdé a máa kiri ojúlé gba àkàrà òyìnbó kékeré, wọn a sì gbàdúrà fún àwọn òkú. Ìrántí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ nìkan ni ó dé ọ̀dọ̀ wa.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà sì ní tiwa. Bí àgbàlagbà bá kú, a óò dín àkàrà, a óò pín in fún àdúgbò, àwọn ọmọdé ni yóò sì kọ́kọ́ na ọwọ́. Ará ọ̀run ni Egúngún. Bí ọmọ tilẹ̀ sá fún pàṣán rẹ̀, ó mọ̀ pé bàbá ni òun ń sá fún.

Nítorí náà, kí a má ṣe lé ọmọ kúrò nídìí ààrò. Bí adùn ni ó ń fẹ́, àgbọn wà ní etíkun wa títí dé Eleko. Kí ó ha á, kí a fi ṣúgà sè é. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá ń dín àkàrà òkú, kí ọmọ náà jókòó tì wá, kí a sì ki oríkì olóògbé sí i létí. Ọmọ tí ó mọ òkú ilé rẹ̀ kò ní fi òkú ṣe ẹlẹ́yà.