Ta Ló Pa Adétutù?

Ẹni tó bá ka Efúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní 1970, kì í pẹ́ kó tó dájọ́: Efúnṣetán, Ìyálóde ìkà, ló pa Adétutù àti Ìtáwuyì. Ẹrú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì. Wọ́n fẹ́ra wọn, Adétutù lóyún, bẹ́ẹ̀ Efúnṣetán ti ṣòfin pé ẹrúbìnrin tó bá lóyún, orí rẹ̀ á kúrò lọ́rùn. Àwọn èèyàn bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbẹ̀bẹ̀. Ìtáwuyì fẹ́ fi májèlé gbẹ̀san, òun náà bá a lọ. Ìdájọ́ yẹn tọ́, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Lójú tèmi, àwọn ìjòyè Ìbàdàn bá Ìyálóde pín nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ìpín tiwọn kò sì kéré.

Ẹ wo bí àwọn ìjòyè ṣe gbọ́rọ̀ náà kalẹ̀ nínú eré: ẹbẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀ ọ́ ti gbà pé o lágbára láti ṣe é. Ẹrú, ohun ìní olówó rẹ̀ ni, àwọn ológun Ìbàdàn ló sì ń kó wọn wọ̀lú, láti Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì, láti Ìgbómìnà tiwa níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀mù-Àrán tàbí Èsìẹ́ tó ń ka ìwé yìí ní kíláàsì, kó má rò pé ìtàn ará Ìbàdàn nìkan lòun ń kà. Ajẹ́lẹ̀ wọn fojú àwọn kan rí màbo nílẹ̀ Ìgbómìnà kí àwọn ará Ìlá tó bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kógun pàdé wọn ní 1878.

Àwọn kan á ní àwọn olólùfẹ́ náà ló fọwọ́ ara wọn fà á, wọ́n kúkú mọ òfin. Òfin tó ní kí géńdé àti ọlọ́mọge má fẹ́ra wọn, òkú ni ẹni tó ṣe é ń wá. Àwọn mìíràn á rántí pé ọmọ kan ṣoṣo tí Efúnṣetán bí kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Ọ̀rọ̀ náà ṣeni láàánú, ó sì jẹ́ ká mọ ibi tí orí rẹ̀ ti dàrú, ṣùgbọ́n kò dá a láre.

Àtakò tó le jù ni pé Látòósà, Ààrẹ tó ń darí Ìbàdàn, ló dìde sí Efúnṣetán. Nínú eré, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá wo ìtàn gan-an, bí òpìtàn Samuel Johnson ṣe kọ ọ́. Ní 1874, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Látòósà kà sí i lẹ́sẹ̀: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, kò jáde wá pàdé òun nígbà tóun darí dé. Ẹ̀jẹ̀ ẹrú kankan kò sí níbẹ̀. Nínú eré olólùfẹ́ méjì mìíràn tó kú, Romeo and Juliet, olórí ìlú Verona fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun dijú sí ìjà ilé àwọn méjèèjì. Ní Ìbàdàn, Látòósà ló wà nídìí bí ẹrú méjì ṣe pa Efúnṣetán lóru. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ariwo, ẹrú méjèèjì ni wọ́n pa, Látòósà sì ń ṣe Ààrẹ rẹ̀ lọ.