"Ta Ni Baba Rẹ?"

Bí owó ilé-ìwé bá ti tó san, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu òbí: "Ìjọba ìbá jẹ́ gbà á ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ara ìbá tù wá." Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Rọ́ṣíà rí lẹ́yìn tí àwọn Kọ́múníìsì gba ìjọba ní 1917.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1918, Lenin fọwọ́ sí òfin pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 16, lọ́kùnrin lóbìnrin, lè wọ yunifásítì. Kò ní sanwó, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í ní ìwé ẹ̀rí. Ohun rere gbáà ni! Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ àwọn mẹ̀kúnnù kò tó, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ tí à ń pè ní rabfak sílẹ̀ ní 1919, fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀. Ọmọ ẹni tí kò mọ̀wé tibẹ̀ di ẹnjiníà. Ebi pa wọ́n, òtútù mú wọn. Ẹlòmíràn a máa já ẹrù ọkọ̀ ojú irin kí ó tó rí búrẹ́dì jẹ. Wọ́n fara dà á.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn ni kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1922, ìjọba kó àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti òǹkọ̀wé tí èrò wọn kò bá tirẹ̀ mu sínú ọkọ̀ ojú omi ní Petrograd, ó lé wọn lọ sí Jámánì. Nikolai Berdyaev wà lára wọn. Ní 1924, ó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbìmọ̀ ń yẹ̀ wọ́n wò, kì í ṣe "Kí ni o mọ̀?" nìkan ni wọ́n ń bi wọ́n, wọ́n tún ń bi wọ́n pé "Ta ni baba rẹ?" Ọmọ oníṣòwò àti ọmọ àlùfáà ni ọ̀ràn náà wúwo jù fún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n lé jáde. Láàárín ọdún wọ̀nyí, àwọn ọmọ kan purọ́ nípa ìdílé wọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ baba wọn sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ìparí ọdún 1935 ni ìjọba tó fagi lé òfin pé kí a máa fi ìran dí ọmọ lọ́wọ́ yunifásítì.

Ẹ̀yin ìyá oníṣòwò, ẹ rò ó wò: ìsọ̀ tí ẹ fi ń tọ́ ọmọ ni wọn ìbá torí rẹ̀ lé e!

Èmi kò kọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí ìjọba bá fúnni lẹ́kọ̀ọ́, kí òfin má jẹ́ kí ó lè gbà á padà nítorí ẹni tí ó bíni. Kò sí ọmọ tí ó yan baba. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, a máa ń kọ iṣẹ́ òbí sínú ìwé ìgbàwọlé. Kí ó dúró síbẹ̀. Kí ó má dé inú máàkì ọmọ.