Òfìfo Tí Kò Ṣófo: Èrò Lórí Orúkọ Tí A Ó Fún Máàsì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ níhìn-ín kan gbogbo àwa tí à ń kọ́ni ní Yorùbá, ó sì kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún odidi ọdún mẹ́fà kì í rẹ̀yìn. Ariwo nìkan kò lè gbà wá. Èdè-ìperí tó péye ni ó lè gbà wá, a ó sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ: máàsì.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa pè é ní ìwúwo. Èyí kò tọ̀nà. Ìwúwo ni bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra tó. Bí a bá gbé àpò ìrẹsì dé inú òṣùpá, ìwúwo rẹ̀ yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́fà, ṣùgbọ́n máàsì rẹ̀ kò ní yí padà. Ẹ wo aláàárù tó ń fi ọmọlanke ti fíríìjì ní ọjà Alábà. Ilẹ̀ ti gba ẹrù náà rù, síbẹ̀ aláàárù ń làágùn kí ọmọlanke tó gbéra. Bí ó bá sì ti ń sáré, àtidá a dúró di ìjàkadì. Agídí yìí, tí kì í fẹ́ gbéra tí kì í sì í fẹ́ dúró, ni máàsì.

Àwọn mìíràn ń pè é ní àkójọ. Ó dùn létí, ó sì bá èrò Newton mu, ẹni tó rí máàsì gẹ́gẹ́ bí iye èròjà tó wà nínú nǹkan. Àmọ́ ìmọ̀ ti kọjá ibẹ̀. Proton tó wà láàárín átọ́mù ní quark mẹ́ta nínú. Máàsì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 9 MeV. Ti proton fúnra rẹ̀ jẹ́ 938. Níbo ni ìyókù ti wá? Láti inú agbára ni: agbára eré tí àwọn quark ń sá, àti ti gluon tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ka náírà mẹ́sàn-án sínú àpò, tó wá bá 938 níbẹ̀, kò lè pe iyẹn ní àkójọ.

Àní ìwọ̀nba tí quark àti electron ní, ọ̀dọ̀ òfìfo ni wọ́n ti gbà á. Òfìfo tí à ń wí yìí kò ṣófo; pápá Higgs kún inú rẹ̀. Ní 1964 ni Peter Higgs, François Englert àti àwọn mìíràn gbé èrò náà kalẹ̀; ní 2012 ni wọ́n rí ẹ̀rí rẹ̀ ní CERN, nítòsí Geneva. Àwọn kan lè fi ọjà Ìyànà-Ìbà ṣàpèjúwe: ọmọdé gba àárín èrò kọjá wéré, ṣùgbọ́n ìyálọ́jà kò lè gbé ẹsẹ̀ méjì kí wọ́n má dá a dúró kí i. Kí olùkọ́ ṣọ́ra o. Èrò ọjà a máa dín ìrìn kù. Pápá Higgs kì í dín eré ohun tó ń lọ jẹ́ẹ́ kù. Ìgbà tí a bá fẹ́ yí eré náà padà ni agídí ń fara hàn.

Haisch, Rueda àti Puthoff tilẹ̀ dábàá ní 1994 pé agbára inú òfìfo gan-an ló ń bí agídí ohun gbogbo. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ físíìsì kò gbà á, a kò sì gbọdọ̀ fi kọ́ ọmọ bí òdodo.

Ní èrò tiwa, kí ìwúwo dúró ní ààyè rẹ̀, kí a fi àkójọ sílẹ̀, kí a sì pe máàsì ní agídí. Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ ìwà ènìyàn ni. Ṣebí ti ènìyàn náà ni ipá àti agbára kí sáyẹ́ǹsì tó yá wọn lò. Kí ẹ̀ka físíìsì àti tiwa jókòó lé e kí ìdánrawò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn ju agídí lọ, kí ó mú un wá.